Ìròyìn Tí Mo Kọ Nípa Kìtán

"Ológbò yìí kò ṣàìsàn rárá."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Kìtán, dókítà ẹran, sọ fún mi nìyẹn. Ó ti gbé Bíṣọ́ọ̀bù, ológbò mi, lé orí tábìlì, ó ti wo ẹnu rẹ̀, ó ti wo etí rẹ̀, ó sì ti fi ìka méjì tẹ ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bíṣọ́ọ̀bù kì í jẹ́ kí àjèjì fọwọ́ kan òun. Ní Sátidé náà, ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ bí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀.

"Kò jẹun láti ọjọ́ mẹ́ta," ni mo wí.

Irọ́ ni. Ó ti jẹ odindi orí ẹja kan láàárọ̀ kí a tó kúrò nílé ní Ọ̀bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́.

Kìtán wo ikùn ológbò náà, ó wo mí. "Àǹtí, ọjọ́ mẹ́ta wo? Ikùn yìí ti ju ti alága ìjọ wa lọ."

Mo mọ̀ pé ibi tó yẹ kí n rẹ́rìn-ín nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín. Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí àlejò tó ń dìde nígbà tí gbogbo ìjọ bá dìde.

"Kí lẹ ń pè é?"

"Bíṣọ́ọ̀bù." Mo fi ọrùn rẹ̀ hàn án. Ara rẹ̀ dúdú láti orí dé ìrù, àfi òrùka funfun kan tó yí ọrùn rẹ̀ ká bí kọ́là àlùfáà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é sókè. Ìyá mi ni ààrẹ Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n wà lẹ́yìnkùlé."

Lẹ́yìn náà ni ó gbé ojú sókè, tó wò mí bó ṣe wo ológbò náà, láìkánjú.

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ dà bí ẹni tí kò jẹun láti ọjọ́ mẹ́ta."

Wọn kò rán mi wá sí Oǹdó láti dáhùn ìbéèrè. Wọ́n rán mi wá láti bèèrè ni.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójú gbogbo ènìyàn ni pé mò ń tẹ ìwé fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Àlàgbàká, ní Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi mọ orúkọ mi, Monílọ́lá, ni ìwádìí ìgbéyàwó.

Láyé àtijọ́, ẹbí ló ń rán ara wọn. Bí ọmọ ẹni bá rí ẹni tó fẹ́ fẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá á lọ sí ìlú ọ̀hún, á jókòó, á mu omi, á gbọ́ ohun tí àwọn aládùúgbò ń sọ. Nísinsìnyí, ẹ̀gbọ́n bàbá ti wà ní Kánádà, àbúrò ìyá ń tajà ní Èkó. Èmi ni wọ́n ń rán.

Ológbò méjì tí mò ń sìn ló ń bá mi ṣe é. Bí àjèjì bá wọ àdúgbò tó ń bèèrè ọ̀rọ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní ológbò òun ló sọnù, gbogbo ẹnu á là. Àwọn kan á máa bá a wá a, àwọn kan á máa bú u pé àjẹ́ ni, láàárín méjèèjì ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Ní Ìjàrẹ́, Lọ́yà, èkejì Bíṣọ́ọ̀bù, tí a sọ lórúkọ nítorí ariwo ẹnu rẹ̀, sá wọ ilé ìdáná ọkùnrin kan tó ní òun kò tíì gbéyàwó rí. Obìnrin tó fi ṣíbí ọbẹ̀ lé e jáde ni ìyàwó ọkùnrin náà. Ọmọ mẹ́ta tẹ̀ lé e.

Ẹni tó rán mi sí Oǹdó ni Ìyá Túnmiṣe, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé. Òun àti ìyá Kìtán ni wọ́n pàdé ní ìpàdé àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì fi ọmọ mọ ọmọ. Kìtán àti Olúwatúnmiṣe ti rí ara wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ìtọrọ ku oṣù kan.

"Lọ wo ulé wọn fún mi," ni Ìyá Túnmiṣe wí, nítorí bí ọ̀rọ̀ bá ti ká a lára, èdè Àkúrẹ́ ló ń sọ, tí ilé ń di ulé. "Ọmọ náà dára lójú. Ojú kọ́ là ń fẹ́. Wèrè, wárápá, ẹ̀tẹ̀, olè. Bí o bá rí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o gbé e wá."

"Ẹ ṣé, mà. Màá kọ ọ́."

Mo ti kọ irú rẹ̀ mọ́kànlá sẹ́yìn. Wọn kì í dùn mí. Kò sí ohun tó ń dùn mí nígbà náà, kò sì sí ohun tó ń dùn mọ́ mi.

Kìtán ní kí n fi Bíṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí òun lè máa ṣọ́ ọ.

"Ṣebí ẹ ní kò ṣàìsàn?"

"Àìsàn ológbò máa ń fara pamọ́," ni ó wí, ó sì yí ojú sí ibòmíràn.

Mo rò pé oríire mi ni. Mo ti rí ìdí láti padà wá.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, fọ́tò kan wọlé sórí fóònù mi. Bíṣọ́ọ̀bù ló sùn lé orí ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ewúrẹ́. Kìtán kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: "Àlùfáà àgbà jẹ ẹ̀fọ́ lónìí."

"Ológbò kì í jẹ ẹ̀fọ́," ni mo fi dá a lóhùn.

"Tiyín ti di ọmọ Oǹdó. Iyán ló kù."

Ní ọjọ́ kejì, fọ́tò mìíràn. Ní ọjọ́ kẹta, ó bèèrè ohun tí mo jẹ ní ọ̀sán. Mo ní mi ò rántí. Ó ní kí n lọ jẹun, kí n padà wá sọ ohun tí mo jẹ. Mo lọ din ẹyin. Mo sọ fún un.

"Iyọ̀ ńkọ́?"

Mo tún tọ́ ọ wò. Mi ò fi iyọ̀ sí i. Mi ò mọ̀. Mo ti jẹ ìdajì rẹ̀.

Ní ọjọ́ Furaidé, ó kọ̀wé pé ìyá òun gbọ́ tí òun pe "Bíṣọ́ọ̀bù, sọ̀ kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù," tí wọ́n sáré wọlé, wọ́n ti ń wé gèlè. Mo bú sẹ́rìn-ín. Lọ́yà jí lójijì, ó wò mí. Ẹ̀rín náà kò bèèrè lọ́wọ́ mi kó tó jáde.

Ní Sátidé kejì, mo kọ́kọ́ yí Odòjọmu, àdúgbò Kìtán, ká. Mo bá obìnrin tó ń ta bíríkì oníyanrìn sọ̀rọ̀, mo bá vúkanáísà sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ló yin Kìtán. Vúkanáísà ní, "Dókítà ẹran yẹn? Ajá mi fẹ́ràn rẹ̀ ju èmi lọ. Àwọn méjì péré ni wọ́n wà nílé, òun àti ìyá rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin wà ní Èkó."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé: àbúrò kan, Èkó.

Ìyá Kìtán gún iyán fún mi. Ó ní ẹni tó bá ti Àkúrẹ́ wá kò lè lọ láìjẹun. Ó ń wo apẹ̀rẹ̀ ológbò mi láti ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n ẹran tó fi sínú ọbẹ̀ mi tóbi. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ ni mo rí okùn tí wọ́n sá aṣọ sí. Aṣọ Kìtán wà níbẹ̀. Ìró ńlá ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Gáùn kékeré mẹ́ta tún wà níbẹ̀, aláwọ̀ ojú ọ̀run, tí wọn kò lè wọ èjìká ìyá rẹ̀ láéláé, omi ṣì ń kán lára wọn.

Mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ láti ẹ̀yìn.

"Ta ló ń ránṣọ, mà?"

"Rédíò ni," ni ìyá náà wí.

Mo wẹ ọwọ́ mi. Mo bèèrè Bíṣọ́ọ̀bù. Kìtán ní ó ti sá lọ sẹ́yìn, ó ní òun ń bọ̀ wá mú un, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbé ewúrẹ́ tó ń rọbí dé ní ìṣẹ́jú náà. Ọwọ́ ìyá àti ọmọ di. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá, mò ń pe ológbò mi.

Ilẹ̀kùn kan ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Mo tì í.

Ibùsùn fóòmù wà nílẹ̀, kò sí lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti fi fóòmù di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tábìlì, wọ́n sì fi àkísà so ó le. Kò sí sítóòfù, kò sí àbẹ́là, abọ́ rọ́bà nìkan. Ọmọbìnrin kan jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, àpá àtijọ́ kan wà lókè ojú rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù sùn fọnfọn lórí itan rẹ̀.

Mo ti mọ̀ kí n tó mọ̀ pé mo mọ̀. Wárápá ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó parí oorun rẹ̀," ni ó wí. "Èmi ni Motúnráyọ̀. Ṣé wọ́n ti sọ fún yín pé mo wà ní Èkó?"

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀."

"Èkó dára. Ibẹ̀ kò jìnnà sí ilé ìdáná." Ó fi eyín gé òwú. "Ìdílé ìyàwó bọ̀dá mi ló rán yín wá, àbí?"

Ọdún méjì tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò mú mi rí.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ológbò yín sanra, ara rẹ̀ le. Ṣé dókítà ẹran tán ní Àkúrẹ́ tí ẹ fi gbé e wọ mọ́tò wá sí Odòjọmu? Ẹ sì bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ vúkanáísà kí ẹ tó wọlé. Mo rí yín láti ojú fèrèsé." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ má bẹ̀rù. Ta ni màá sọ fún?"

Mo jókòó sílẹ̀, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Ó sọ fún mi pé òun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí wárápá kọ́kọ́ gbé òun ṣánlẹ̀, níwájú kíláàsì. Ó ní òun ń lo oògùn, ó ti ń pẹ́ kó tó dé báyìí. Ó ní Kìtán ló di igun tábìlì náà, Kìtán náà ló kọ́ ìyá wọn láti má ṣe fi ṣíbí la òun lẹ́nu mọ́.

"Ó fẹ́ sọ fún wọn ní Àkúrẹ́," ni ó wí. "Màmá ló sunkún fún un."

Kìtán ní kí n tún fi Bíṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ní Sátidé kẹta, ó ti gbé àga méjì síta kí n tó dé. Kò sí ẹran aláìsàn kankan nílé. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀.

"Monílọ́lá," ni ó wí. Kò pè mí ní àǹtí. "Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Kò sí ohun tó ń ṣe Bíṣọ́ọ̀bù. Mo kàn fẹ́ kí o padà wá ni."

Mo gbé apẹ̀rẹ̀ mi sílẹ̀.

"Ohun tí mo ṣe yẹn kò dáa, torí ìyá mi ti ṣèlérí fún ìdílé kan ní Àkúrẹ́. Ọmọ dáadáa ni ọmọ náà. Mo gbà torí ó rẹ̀ mí, ó rẹ ìyá mi. Ṣùgbọ́n tí fóònù mi bá dún nírọ̀lẹ́, mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ ìwọ."

Obìnrin mìíràn á ti sunkún. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Mo mọ ìdílé náà. Ìyá Túnmiṣe ni. Àwọn ló rán mi wá wádìí yín. Mo ti rí Motúnráyọ̀."

Ojú rẹ̀ ṣú. Mo rí i bó ṣe ń padà sẹ́yìn, tó ń ka gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ológbò, iyán, fọ́tò, ẹyin tí kò níyọ̀.

"O jẹ oúnjẹ ìyá mi."

"Mo jẹ ẹ́."

"Gbogbo ọ̀rọ̀ tí à ń sọ lálẹ́, ṣé ò ń kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Rárá. Ìyẹn, mi ò kọ ọ́."

"Báwo ni màá ṣe mọ̀?"

Kò sí bó ṣe lè mọ̀. Mo sọ fún un nípa ìyá mi. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Dámiláre tó fẹ́ fẹ́ mi rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí ilé wa. Ẹ̀gbọ́n náà gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò pé wọ́n ti gbé ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú rí. Wọn kò bú wa. Wọn kò sọ ohunkóhun. Wọn kàn kò wá mọ́. Ìyá mi dáná dè wọ́n ní ọjọ́ ìtọrọ, ó dáná títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mo rò pé bí mo bá jẹ́ ẹni tó di àáké mú, igi kò ní wó lù mí mọ́.

"Kí lo fẹ́ kọ?" ni ó bèèrè.

"Bí mo bá kọ ohun tí mo rí, ìgbéyàwó rẹ á bàjẹ́. Bí mo bá fi í pamọ́, màá ti purọ́ fún ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé mi, Motúnráyọ̀ á sì wà ní Èkó títí ayé."

"Kí ni ìwọ fẹ́?"

Èyí tí mo fẹ́ gan-an ló ń ba ìyókù jẹ́. Bí mo bá kọ òtítọ́, èmi ni yóò ṣe láǹfààní.

Ìyá Kìtán ti wà lẹ́nu ọ̀nà. N kò mọ ìgbà tó dé. Ó kúnlẹ̀, ìyá àgbà, lórí sìmẹ́ǹtì.

"Ọmọ mi, bò wá láṣìírí. Ọlọ́run á bò ọ́."

"Ẹ dìde, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Màmá, ẹ dìde!" Motúnráyọ̀ ló sọ ọ́. Ó jáde sí iwájú ilé, sínú oòrùn, Bíṣọ́ọ̀bù lápá rẹ̀. Obìnrin oníbíríkì òdìkejì dá ọwọ́ dúró. "Àǹtí, ẹ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ pé àìsàn kan wà nínú ilé. Ẹ kọ orúkọ mi. Ẹ kọ ọ́ pé mo mọ aṣọ rán."

Kìtán gbé ìyá rẹ̀ dìde. Lẹ́yìn náà ó wọlé, kò wo ẹ̀yìn.

Mo ní kí Bíṣọ́ọ̀bù máa bá Motúnráyọ̀ gbé. Apẹ̀rẹ̀ mi fúyẹ́ lọ sílé. Dírẹ́bà tó ti ń bá mi jà láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé òun kì í gbé ológbò bèèrè pé, "Ẹlẹ́ran, ibo lẹran wà?" Mo ní ó ti rí iṣẹ́ sí Oǹdó.

Mo tẹ ìròyìn náà ní ọjọ́ Ajé, kí àwọn oníbàárà tó dé. Ojú ìwé kan péré ni.

"Àwọn ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Kò sí olè nínú wọn. Ọmọ méjì ni ìyá náà bí. Èkejì ni Motúnráyọ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ó mọ aṣọ rán, ojú rẹ̀ sì mú ju tèmi lọ. Ó ní wárápá, ó ń lo oògùn rẹ̀. Kìtán kò ní ìyàwó níbòmíràn, kò ní ọmọ níta. Ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ fún yín fúnra rẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó má sọ ọ́. Kì í lu ẹran.

Ẹ má gbára lé ìròyìn yìí nìkan. Ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ẹ rán ẹlòmíràn lọ."

Mo ka ìlà tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ìyá Túnmiṣe kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún gbé e wọ̀, ó tún un kà.

"Monílọ́lá! Mo rán ẹ lọ wo ulé, o lọ fẹ́ onílé!"

"Ẹ má bínú, mà."

"Jáde! Ìwọ àti ológbò àjẹ́ rẹ! Gbogbo Àkúrẹ́ ni yóò gbọ́!"

Olúwatúnmiṣe sìn mí dé géètì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó rẹwà, kò dà bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, kò sí ìbínú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí i. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ló sọ lẹ́ẹ̀kejì." Ó di géètì mú. "Ṣé ó dùn? Kí ènìyàn fẹ́ràn ènìyàn?"

"Ṣé o mọ bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú tí a bá jókòó lé e lórí pẹ́? Bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá ń jí ló ń ṣe mí. Kò dùn. Ṣùgbọ́n wàá mọ̀ pé ẹsẹ̀ wà níbẹ̀."

Gbogbo Àkúrẹ́ gbọ́ lóòótọ́. Ẹnikẹ́ni kò rán mi níṣẹ́ ìwádìí mọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn obìnrin ń dákẹ́ bí mo bá wọlé. Kìtán kò kọ̀wé. Oṣù kan kọjá, oṣù méjì. Nírọ̀lẹ́, màá gbé fóònù sí ojú ibi tí mo ti lè rí i, màá máa fọ abọ́ tó ti mọ́. Mo ń fi iyọ̀ sí oúnjẹ mi. Ìyẹn nìkan ló yí padà.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹta lẹ́yìn náà, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn mi ní Ọ̀bà-Ilé ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ìyá Kìtán ni, pẹ̀lú gèlè ṣọ́ọ̀ṣì àti báàgì tó bá bàtà mu.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ wọlé, mà."

Ó jókòó sí etí àga. Lọ́yà rìn wá, ó ké mọ́ ọn. Ìyá náà gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè.

"Gbé èyí kúrò níwájú mi. Ọ̀kan ti gba ilé mi, ó ti tó." Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Ìwádìí ni mo wá ṣe."

"Ta lẹ fẹ́ wádìí, mà?"

"Ìwọ ni. Mo ti bèèrè ládùúgbò. Obìnrin elépo ìsàlẹ̀ ní o kì í bá ènìyàn jà, ṣùgbọ́n o kì í bá ènìyàn ṣeré. Ó ní o dà bí ilé tí wọ́n ti iná rẹ̀ pa. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó fa ìwé kan yọ. Mo mọ̀ ọ́n láti ọ̀nà jíjìn. Ìròyìn mi ni.

"Ọ̀rẹ́ mi ará Àkúrẹ́ fi èyí ránṣẹ́ pẹ̀lú èébú. Ó ní kí n wá gba ìyàwó mi. Mo bínú sí ọ, mi ò purọ́. Mo fẹ́ ya á. Motúnráyọ̀ gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á sókè. Nígbà tó débi tí o ti kọ orúkọ rẹ̀, ó dúró, ó tún un kà." Ó ká ìwé náà sí méjì. "Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó wọṣọ, ó ní òun ń bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún mẹ́wàá. Àìsàn náà gbé e ṣánlẹ̀ níbẹ̀, láàárín orin. Mo rò pé ilẹ̀ á la ẹnu. Ìyàwó pásítọ̀ ló bá mi dì í mú. Nígbà tó jí, ó bèèrè ẹni tó rán aṣọ ìyàwó pásítọ̀, ó ní apá rẹ̀ wọ́. Aṣọ mẹ́rin ló wà nílé wa báyìí tó ń bá wọn tún ṣe."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó fi ojú rẹ̀ le.

"Kìtán sọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ fún mi. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Nígbà tí ara wọn kò yá, ta ló ń wẹ̀ wọ́n?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé wọ́n máa ń bá ọ jà?"

"Nígbà mìíràn, mà. Tí mo bá da omi sí wọn lórí. Mo wá ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀."

Ìyá náà ń wò mí. Ojú rẹ̀ ti tutù.

"Èmi náà ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ fún Motúnráyọ̀," ni ó wí. "Ẹ̀rù kì í bà á tó bẹ́ẹ̀."

A jókòó. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ojú mi, omi wà níbẹ̀, ó ti ń ṣàn láìsọ fún mi. Ó nawọ́ ìbòrùn rẹ̀ sí mi, ó sì dìde.

"Mo ti parí ìwádìí mi. Múra. Motúnráyọ̀ ní a kò gbọdọ̀ padà láìmú ọ wá, ó fẹ́ wọn ara rẹ fún aṣọ. Ọkùnrin yẹn náà wà nínú mọ́tò. Mo ní kó má sọ̀ kalẹ̀ títí màá fi pè é. Ó ti tó wákàtí kan nínú oòrùn."

Ìyá rẹ̀ pè é, Kìtán sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, ó ti làágùn wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó wo ojú mi, ó rí i pé mo ti sunkún.

"Mo bínú sí ọ fún oṣù méjì," ni ó wí. "Ní oṣù kẹta, ara mi ni mò ń bínú sí. Dárí jì mí, Lọ́lá mi."

"Ìwọ ni kí o dárí jì mí. Èmi ni mo tàn ọ́."

"Àwa méjèèjì la fi ológbò tan ara wa." Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún mi. "Ohun tí o kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé yẹn, ṣé ó ṣì wà bẹ́ẹ̀?"

"Ó wà bẹ́ẹ̀."

"Ṣé inú rẹ dùn?"

Mo wá a. Mo wá a gan-an, bí ẹni tó ń fọwọ́ wá nǹkan nínú yàrá tó ṣókùnkùn.

"Mi ò tíì mọ̀," ni mo wí. "Mi ò fẹ́ purọ́ fún ọ mọ́."

"Kò sí ìkánjú, olólùfẹ́ mi. Ìgbà tó bá dùn, kí o sọ fún mi."

Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, Lọ́yà nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń ké, tí ìyá náà ń dá a lóhùn pé, "Dákẹ́ ẹnu rẹ, a ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ." Kìtán kò bèèrè mọ́. Ó ń wakọ̀ jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí àga ní àárín wa.

A ti kọjá Owéna, lójú ọ̀nà Oǹdó, kí n tó sọ fún un pé ó dùn.